Ẹnu Ta Ni O Ti Gbọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ sunnukun, ojú sunnukun ni a fi ń wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ mọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì jẹ mọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ èmi fúnra mi ni àṣìṣe tí ó bí i ti wá. Nítorí náà, ara mi ni n ó kọ́kọ́ ṣe àríwísí kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo wà ní ìsinmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn nígbà tí olùkọ́ kan tí ó jẹ́ àbúrò fún mi kó ìwé àwọn ọmọ JSS 2 wá bá mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ó ti ní kí àwọn ọmọ náà lọ ṣe ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Ogun Kírìjì: bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe parí, àti ipa tí ìlú wa kó nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Bí a bá ń sọ ìtàn ogun yìí tí a kò dárúkọ Òkè-Ìmẹ̀sí, a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ni ó gbé idà sókè sí ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ lé ìlú lórí. Láti ibẹ̀ ni Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alábàáṣe wọn ti gbára jọ, tí a fi ń pè wọ́n ní Èkìtì Parapọ̀.

Mo mú bírò pupa, mo jókòó. Bí mo ṣe ń ka ìwé kejì ni ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti kà á rí. Nígbà tí mo fi dé orí ìkẹwàá, ó ti dá mi lójú pé ẹnu kan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ láti inú gbogbo ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ pé 1877 ni ogun bẹ̀rẹ̀, pé 1886 ni ó parí. Wọ́n kọ ọ́ pé ọdún 16 ni ó gbà. Wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ogun abẹ́lé tí ó pẹ́ tó o rí ní gbogbo àgbáyé. Àwọn méjì lẹ àwòrán Ìmẹ̀sí-Ilé mọ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé ìlú wa nìyẹn. Ọmọbìnrin kan péré ni ó yà sọ́tọ̀: ó ní 1878 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, 1893 ni ó sì parí. Mo wo ìwé ìdáhùn tí olùkọ́ fún mi. 1877 àti 1886 ni ó wà níbẹ̀. Mo fa igi pupa sí 1878, mo fa òmíràn sí 1893, mo sì gba máàkì mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ó wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, kò sì dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún wo ni Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀?” Mo dá a lóhùn láìronú pé 1878 ni, nítorí mo ti fi ọdún náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo ìwé rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí ó ń wò ni èmi náà wò. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí tirẹ̀. Ó ní orí fóònù ìyá òun ni, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan náà tí ó sọ pé 1877 ni ogun bẹ̀rẹ̀ ni ó sọ nísàlẹ̀ pé 1878 ni Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀. Ó ní, “Báwo ni ogun wa ṣe bẹ̀rẹ̀ kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sà?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn ni ìwádìí. Ohun tí ọgbọ̀n ọmọ kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìwádìí, àdàkọ ni. Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé ni mo sì fún àdàkọ ní máàkì, tí mo gbà á lọ́wọ́ ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ ọdún náà, nítorí pé àpẹẹrẹ tí ó dára ni. Ní 1877, Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà ń bá Ẹ̀gbá jà, Ìjẹ̀bú sì wà lẹ́yìn Ẹ̀gbá. Ẹni tí ó bá ń ka gbogbo ìjà Ìbàdàn pọ̀ sí ogun kan ṣoṣo yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1878 ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, èyí tí í ṣe ogun Èkìtì Parapọ̀ gan-an, tí a wá fi ìró ìbọn tí ó ń dún láàrin òkè sọ ní Kírìjì. Ní 1886 ni àwọn tí ń jà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun kò túká lọ sílé wọn pátápátá títí di 1893, nígbà tí Carter, gómìnà Èkó, gòkè wá. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jẹ́ irọ́. Ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn ni kò rí bákan náà. Ẹni tí ó bá sọ pé 1877 ni, kí ó sọ ogun tí ó ń kà. Ẹni tí ó bá sọ pé 1886 ni, kí ó sọ bóyá ìwé ni ó ń sọ ni tàbí ìbọn. Èyí tí kò ṣeé gbà ni ohun tí àwọn ọmọ náà kọ, tí èmi náà sì jẹ́ kí ó kọjá: 1877 sí 1886, ọdún 16. Ọmọ JSS 2 mọ ìyọkúrò. Bí a bá yọ 1877 kúrò nínú 1886, mẹ́sàn-án ni ó kù. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó yọ ọ́.

Bákan náà ni ti ogun abẹ́lé tí ó pẹ́ jù ní àgbáyé. Gbólóhùn yìí dùn ún gbọ́ létí ọmọ Èkìtì, ohun tí ó sì dùn ún gbọ́ ni ó máa ń tètè ràn. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé kejì ní Sudan bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ó parí ní 2005. Ọdún 22 nìyẹn. Ti Guatemala bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ó parí ní 1996. Ọdún 36 nìyẹn. Àṣẹ̀ṣẹ̀wọ sẹ́kọ́ńdírì lè rí ọdún wọ̀nyí lórí fóònù kan náà tí ó ti da gbólóhùn náà kọ, láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà fi òtítọ́ pamọ́ fún un. A kò kọ́ ọ pé kí ó bèèrè ni.

Kí ló dé tí ọgbọ̀n ọmọ fi ń fọ ẹnu kan? Ìdí kìíní ni pé àwọn tí ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń da ara wọn kọ. Ọmọ ṣí ojú ìwé mẹ́wàá, ó rí ọ̀rọ̀ kan náà ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó wá rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́wàá ni òun rí. Ẹlẹ́rìí kan ni ó rí, tí ó ní gbohùngbohùn mẹ́sàn-án. Ìdí kejì ni pé, lórí ìtàn Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹnu tí ó pọ̀ jù nínú gbohùngbohùn yìí ni ti Àlùfáà Samuel Johnson.

N kò ní bu Johnson kù. Ta ni nínú wa tí kò jẹ nínú oko rẹ̀? A bí i ní Sierra Leone ní 1846, ó dàgbà sí Ìbàdàn, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lẹ́yìn tí a ti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nípa Kírìjì, Johnson kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ ọ lókèèrè: òun àti Charles Phillips wà nínú àwọn ìránṣẹ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí àárín ẹgbẹ́ ogun méjèèjì ní 1886. Ẹlẹ́rìí gidi ni. Àmọ́ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ó dúró sí tí ó fi ń wo Èkìtì. Ẹni tí ó bá dúró sí Ìbàdàn yóò pe ohun tí Fábùnmi ṣe ní ọ̀tẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí Òkè-Ìmẹ̀sí yóò pè é ní ìtúsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni, ibi ìdúró méjì ni.

Ìwé Johnson ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé tí Banji Akíntóyè, ọmọ Èkìtì, tẹ̀ jáde ní 1971 lórí ìdìde Èkìtì Parapọ̀ jẹ́ ìwé tí a ń rà tàbí tí a ń lọ bá ní yàrá ìkàwé yunifásítì. Ohun tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn ènìyàn ń dà kọ. Báyìí ni ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe ń jókòó sí àgbàlá baba rẹ̀, tí ó ń ka ìtàn baba rẹ̀ láti ẹnu ẹni tí ó dúró sí ìhà kejì, tí kò sì mọ̀ pé ìhà kan wà. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Bí ọmọ bá gbọ́ ìtàn ìhà kejì tí ó sì mọ̀ pé ìhà kejì ni, ọgbọ́n ni ó kọ́. Bí kò bá mọ̀, ìtàn tirẹ̀ ni ó ń pàdánù láìmọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bà wá jẹ́. Ní ìgbà tí àwa wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ìwé kan ṣoṣo ni olùkọ́ ní, òun ni ó ń kọ sí ojú pátákó, òun ni àwa náà ń dà kọ. A kò bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Àìsàn àtijọ́ ni; ẹ̀rọ kàn mú un yára ni.

Ohun tí ó wá yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé àṣà wa kò fi ìmọ̀ tí a ń wá yìí dù wá. Ẹ wo ẹsẹ Ifá. Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìhun ẹsẹ Ifá pé orúkọ awo tí ó dífá ni a máa ń kọ́kọ́ dá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a óò gbọ́ ẹni tí a díá fún, àti ohun tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ awo. Babaláwo kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín. Kí ó tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ti sọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ẹni tí a sọ ọ́ fún. Ní ilé ẹjọ́ àwọn baba wa náà, bí ènìyàn bá ní “wọ́n ní”, àgbà kan yóò bi í pé, “Àwọn ta ni wọ́n?” Ọmọ tí kò bá lè dáhùn yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin “àwọn ta ni wọ́n?” àti ohun tí àwọn onímọ̀ yunifásítì ń pè ní ìtọ́kasí orísun ọ̀rọ̀? Kò sí. Àwa ni a gbé èdè òyìnbó wọ̀ ọ́, tí ọmọ fi rò pé nǹkan àjèjì ni.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fẹ́ ran ọmọ JSS lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́rin tó. Ta ni ó sọ ọ́? Níbo ni ó dúró sí nígbà tí ó ń sọ ọ́? Ọdún wo ni ó sọ ọ́, ó sì tó ìgbà wo lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀? Ta tún ni ó mọ̀ nípa rẹ̀, tí kì í ṣe ẹnu ẹni àkọ́kọ́ ni ó ti gbọ́ ọ? Ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lè dáhùn ìbéèrè kìíní, kí ọmọ gbà á bí ọ̀rọ̀ ojú pópó: ó lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi gbéjọ́. Wikipedia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí ó sì ní ẹ̀ka Yorùbá, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ sínú rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó orúkọ ìwé tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ sí. Kí a kọ́ ọmọ láti máa ti ìsàlẹ̀ ka ojú ìwé náà. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣófo, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà wá nǹkan náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tí ó lẹ àwòrán Ìmẹ̀sí-Ilé mọ́ iṣẹ́ wọn kò ya òmùgọ̀. “Imesi” lásán ni wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìmẹ̀sí méjì ni ó wà láàrin àwọn òkè yìí, wọn kò sì jìnnà síra wọn: Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èyí tí ó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni ogun Kírìjì fi ààyè sáàrin, nítorí náà àwòrán wọn ni ẹ̀rọ máa ń gbé jáde. Ọmọ tí ó bá ń wá ìlú wa, kí ó tẹ “Okemesi”, kí ó tẹ “Oke-Imesi”, kí ó tún tẹ “Òkè-Ìmẹ̀sí” pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì fi orúkọ ìpínlẹ̀ tì í. Bí a bá tẹ “owo” láìlámìí, owó ni a ń wá ni, àbí ọwọ́, àbí ọ̀wọ̀, àbí òwò, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Ogójì ọdún ni àwa olùkọ́ Yorùbá fi ń bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé ìyà ni a fi ń jẹ wọ́n. Ẹ̀rọ tí kò mọ ohun tí a ń wá ti wá bá wa ṣe àlàyé náà.

Láti òpin ọdún 2022 ni irú ẹ̀rọ mìíràn ti dé, bíi ChatGPT, tí a ń bi ní ìbéèrè tí ó sì ń fèsì bí ènìyàn. Àwọn ọmọ ti ń lò ó. Ó mọ gbólóhùn í hun, àmọ́ ó lè fi ìdánilójú kan náà sọ òótọ́ àti ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ojú ìwé tí a dà kọ lánàá, bí kò tilẹ̀ sọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ènìyàn kan ni ó kọ ọ́. Èyí kò ní ibi ìdúró kankan tí a lè tọ́ka sí. Bí ìbéèrè “ta ni ó sọ ọ́” bá ṣe pàtàkì tẹ́lẹ̀, ó ti di dandan báyìí.

N kò gbàgbé bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe rí. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa sá pamọ́ sẹ́yìn òkè, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ kò ná ni lówó púpọ̀. Fóònù olùkọ́ kan tó fún kíláàsì. Kí ó wá àkọsílẹ̀ kúkúrú méjì tí kò fẹnu kò, kí ó kọ wọ́n sí ojú pátákó lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí ó má ṣe ní kí àwọn ọmọ sọ ìtàn Kírìjì. Kí ó ní: “Ọdún tí àwọn méjì yìí dá yàtọ̀ síra, kí ni ó fà á?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni a lè dà kọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ọmọ ní láti ronú.

Lẹ́yìn náà kí ó rán wọn lọ sílé láti bi àgbà. Níhìn-ín náà mo ní ìkìlọ̀ kan, kí ará ìlú mi má ṣe bínú. Àgbà ilé kì í ṣe ibi tí ìbéèrè mẹ́rin náà dúró sí. Mo ti gbọ́ ohun tí ó bí Fábùnmi nínú lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn: ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn, àwọn mìíràn ní ìwọ̀sí tí ajẹ́lẹ̀ ń fi lọ gbogbo ìlú ni. Ẹni tí ó ń ki baba rẹ̀ kì í fi àbùkù baba ṣáájú. Bí a bá kọ́ ọmọ láti bi Johnson pé níbo ni ó dúró sí, tí a kò kọ́ ọ láti bi bàbá àgbà rẹ̀, a kò kọ́ ọ ní ìwádìí, ìgbéraga ìlú ni a kọ́ ọ. Kí ó fi ọ̀wọ̀ bèèrè, kí ó kúnlẹ̀ bèèrè, ṣùgbọ́n kí ó bèèrè. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbà tí ó sọ ọ́ fún òun, agbo ilé wo ni ó ti wá, àti ẹnu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn ọmọ wa kò bá gbé e síbẹ̀, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni a óò máa fi jẹun ìtàn wa títí.

Mo bẹ olùkọ́ náà, ó gbà pé kí á dá ìwé náà padà fún gbogbo kíláàsì láti tún un ṣe. Mo kọ́kọ́ dá máàkì mẹ́rin padà fún ọmọbìnrin náà níwájú wọn, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣì í. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n kó wá lẹ́ẹ̀kejì kún fún àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sí méjì nínú wọn tí àṣìṣe wọn jọra. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ọmọbìnrin náà, ó fa ìlà kan, ó sì kọ orúkọ ìwé kan, orúkọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì méjì pẹ̀lú ọjọ́ tí òun kà wọ́n, àti orúkọ ìyá àgbà rẹ̀. Síwájú orúkọ ìyá àgbà náà ni ó kọ ọ́ sí pé: “Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.”